Àkísà Olówó

Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà,
kò lè ní àkísà bí àgbà.
Peregrine Ludgrove kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí.
Àbẹ́là ni baba rẹ̀ tà kó tó ra ilẹ̀:
ilẹ̀ tó lọ títí dé odò, àgbọ̀nrín lóríṣiríṣi,
adágún tí wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́.
Ohun gbogbo pé, àfi àtijọ́.

Ó ránṣẹ́ pe Enoch Tranter, ọ̀mọ̀lé:
“Kọ́ ahoro kan fún mi sórí òkè yẹn,
kó rí bí ilé àdúrà tí ogun jó
láyé baba ńlá mi.”

Enoch ṣí fìlà, ó họ orí.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ́ ilé tí kò gbọdọ̀ wó.
Ó gbẹ́ òkúta, ó to òkúta,
ó ṣe fèrèsé gígùn, orí rẹ̀ ṣóńṣó
bí ọwọ́ méjì tó pàdé níbi àdúrà.
Ó gbẹ́ ewé sí orí òpó,
ewé tí ìjì ò lè mì.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá gun ẹṣin dé.
Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.
“Ó ti dára jù. Wó apá òsì.”

Enoch gbé òòlù.
Ìró àkọ́kọ́, kannakánná fò.
Ìró kejì, Tabitha ọmọ rẹ̀ tó gbé búrẹ́dì wá
bi í pé, “Bàbá, kí ni ilé yẹn ṣe?”
Kò dáhùn.
Ó ń wá ibi tí òkúta yóò ti ya
tí yóò fi jọ pé ọdún ló ṣe é, kì í ṣe òun.

Wọ́n gbin ìtàkùn sí ẹsẹ̀ ògiri.
Wọ́n háyà arúgbó onírùngbọ̀n kan
kó máa jókòó síbẹ̀ fọ́dún méje,
kó má gé èékánná, kó má sọ̀rọ̀.
Oṣù mẹ́ta péré, wọ́n bá a nílé ọtí abúlé,
ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè.

Ludgrove kú.
Ilé ńlá tó kọ́ láti gbé, iná jó o;
àgùntàn ń jẹko níbi tí yàrá rẹ̀ wà.
Owó àbẹ́là yọ́ bí àbẹ́là.
Ilé tó sanwó kí wọ́n wó
ló ṣẹ́kù.

Láàárọ̀ yìí, nínú ìrì, Hazel Pruett gun àkàbà.
Ó po ẹfun mọ́ iyanrìn, ó ń dí ojú ibi tó sán,
kí ahoro má baà di ahoro.
Ó nawọ́ sẹ́yìn òpó,
níbi tí ojú ẹni tó wà lórí ẹṣin kò lè dé.
Amọ̀ àtijọ́ ṣí kúrò lábẹ́ ìka rẹ̀:
ewé kan nìyí, òòlù kò kàn án,
iṣan rẹ̀ pé, etí rẹ̀ mú.
Ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ bò ó.

Hazel wo apá ọ̀tún, ó wo òsì.
Ó bu ẹfun díẹ̀,
ó tún un bò.