Lítà Márùn-ún

Wọ́n kọ orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ sára bánà gbọọrọ:
báǹkì kan, ilé-iṣẹ́ olóògùn méjì, ìjọba ìpínlẹ̀.
Wọn ò kọ Làmídì. Èmi kọ́ ni mo ni gbọ̀ngàn,
jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń tọ́jú,
lábẹ́ igi dóńgóyárò, ní Yemẹtu.

Àwọn dókítà Kámpálà dé, ti Íńdíà dé,
ọkùnrin kan láti Bùràsíìlì ń fi bébà nu òógùn.
Ọkàn ọmọdé ló kó wọn jọ sí Ìbàdàn:
kì í ṣe ọkàn tí a fi ń fẹ́ràn ènìyàn,
ọkàn ẹlẹ́ran, tí kò ju ìkúùkù ọmọ lọ.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n gbé e sára ògiri,
ó dúdú, ó rí bí eérú, ó ń sọ kúlú, kúlú.
Obìnrin kan fi iná pupa tín-ín-rín tọ́ka ilẹ̀kùn inú rẹ̀:
ó yẹ kó tì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn.
Èyí ò tì. Ó ń mì dìrọ̀dìrọ̀ bí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa
tí mo ti ń ṣèlérí àtúnṣe rẹ̀ fún ìyàwó mi láti Iléyá èṣí.
Ó ní, ọ̀fun ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀fun dídùn lásán.
Mo di irin fèrèsé mú.

Nítorí bẹ́lúbẹ́lú ni a pe ti Sìfáwù.
Ìyá mi fún un lómi iyọ̀ àti orógbó, ó lọ, a dúpẹ́.
Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, orúnkún wú. Ìrora fi orúnkún sílẹ̀,
ó bọ́ sí ìgúnpá, bí àlejò tí ń yan ibi tí yóò sùn.
A fi ṣe yẹ̀yẹ́: làkúrègbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, màmá àgbà!
Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀yìn ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí jókòó lágbedeméjì ọ̀nà
bó bá ń gun Òkè Àrẹ̀mọ bọ̀ láti ilé ìwé,
tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kọjá.

Wọ́n mú iná lọ.
Ọkàn ara ògiri kú.
Mo sáré. N ò sáré bẹ́ẹ̀ rí nítorí iná.
Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rà ti gbẹ. Akọ̀wé owó wọn ní òun ń bọ̀,
òun ń lọ wá owó gidi. A ò rí i mọ́.
Owó wà lápò mi. Owó abẹ́rẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni,
pẹnisílínì tí wọ́n ń gún Sìfáwù lóṣooṣù
kí ilẹ̀kùn tirẹ̀ má baà bàjẹ́ ju báyìí lọ.
Mo fi ra lítà márùn-ún lọ́wọ́ ọmọkùnrin etí títì.
N ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni. Obìnrin yẹn ò tíì parí ọ̀rọ̀,
mo sì fẹ́ gbọ́ ìparí.

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó gbiná. Ọkàn jí lára ògiri.
Ìparí náà dé: abẹ́rẹ́ ni.
Abẹ́rẹ́ kan náà, lóṣooṣù, tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan,
ó ní ìyẹn gan-an ni àwọn òbí kì í rí rà.
Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, akọ̀wé owó ní kí n mú rìsíìtì wá.
Ta ní ń kọ rìsíìtì fún jálá etí títì?
Ará Bùràsíìlì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sọ ohun tí n ò gbọ́,
ọwọ́ rẹ̀ gba òórùn dísẹ́ẹ̀lì lára tèmi.

Sìfáwù ti sùn kí n tó délé. Àfáà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
ó ní ìwòsàn ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Mo gbé etí lé e lẹ́yìn.
Kúlú, fúù. Kúlú, fúù.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ku ọ̀tunla.
Mo wá òòlù, mo wá ìṣó, mo lọ sí balùwẹ̀.
Ìyàwó mi ní, Làmídì, kí ló dé, lóru yìí?
Mo ní kó bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.