Oko àti Ọkọ́

Aago mọ́kànlá òru ní Fremont.
Meenal gbé kọ̀ǹpútà ka orí ẹ̀rọ ìfọṣọ
nínú ilé ọkọ̀ tí a jọ háyà.
Ó ṣí i. Kò tẹ nǹkan kan.

Òfin ní o lè ni oko,
o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́.
Dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí orúkọ rẹ wà lórí ìwé,
ṣùgbọ́n bí o bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan níbẹ̀,
físà tí ọ̀gá rẹ gbà fún ọ
á bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ohun tó fẹ́ ṣe ò ju ẹ̀rọ pélébé kan lọ
tí yóò máa gbọ́ ibi tí omi ti ń jò lábẹ́ ilẹ̀
nínú oko álímọ́ńdì ní apá Modesto.

Lọ́yà ní ọ̀nà kan ló kù: físà àwọn ẹni àrà ọ̀tọ̀.
Wá ẹlẹ́rìí mẹ́jọ tí yóò búra pé kò sí irú rẹ.
Meenal rẹ́rìn-ín.
Ìyá rẹ̀ nà án rí ní Nashik
nítorí ó ní òun mọ ìṣirò ju ẹ̀gbọ́n òun lọ.

Èmi ni ẹlẹ́rìí keje.
Bóyá irú rẹ̀ pọ̀ láyé, mi ò mọ̀.
Mo mọ̀ pé lálẹ́ ọjọ́ tí páìpù wa bẹ́,
ó dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lé sìmẹ́ńtì,
ó ní, "Ibí ni."
A gbẹ́ ibẹ̀.
Omi.

Lọ́yà ní ìyẹn ò ṣe é kọ sínú lẹ́tà.