Àtẹ̀gùn Méjìlélógún

Méjìlélógún ni àtẹ̀gùn yàrá ìkàwé wa.
Mo mọ̀ ọ́n, orúnkún mi ló ń bá mi kà á.
Ní Naryn, yìnyín a máa tẹ̀ lé bàtà ọmọ wọlé,
àtẹ̀gùn a sì yọ̀ bọ̀rọ́.
Síbẹ̀ àwọn ọmọ ń sáré gùn ún
bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀,
torí ètò ìkàwé ìgbà òtútù ti dé:
ka ìwé kan, lẹ ápù pépà kan mọ́ ògiri.

Bektur kì í gùn ún.
Àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ a dúró nísàlẹ̀,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kó èédú sí.
Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá a
pẹ̀lú ìwé márùn-ún nínú garawa.

Ẹ má bú mi. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa.
Mo tilẹ̀ ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò,
kí wọ́n lè ní, "Burul, o káre."
Ọdún mẹ́ta. Garawa lọ, garawa bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ó kó ọwọ́ sínú garawa,
kò mú nǹkan kan.
"Àǹtí Burul, àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ lókè ńkọ́?"
"Àwọn wo?"
"Àwọn tí ẹ rò pé mi ò ní fẹ́."

Mo wá ro àwọn ìwé tí mo ti ń gbé wá:
kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onísùúrù,
ẹyẹ tí apá rẹ̀ kán tó sì ń dúpẹ́,
ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tí kì í béèrè.
Bektur kò tí ì fojú kan pẹpẹ ìwé rí.
Ohun tí a bù fúnni, bó ti wù kó kún tó,
kò lè dà bí èyí tí a fọwọ́ ara ẹni bù.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní owó ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ di ọdún tó ń bọ̀.
Ọdún tó ń bọ̀ ti ń bọ̀ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.
Èmi, alásè, àti Temirlan tó ń wa ọkọ̀ wàrà,
a kó pẹpẹ mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ Ẹtì.
Ọ̀kan fọ́. Temirlan ṣépè fún gbogbo òǹkọ̀wé ayé,
àtàwọn òkú wọn.
Èédú la kó lọ sókè.
Èédú kì í bínú àtẹ̀gùn.

Odindi wákàtí kan ni Bektur lò níwájú pẹpẹ.
Ó ń fa ìwé yọ, ó ń gbóòórùn rẹ̀,
ó ń dá a padà síbi tí kò ti wá.
Mi ò bá a wí.
Kí ló wá mú? Ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì katakata,
tó dàgbà jù mí lọ,
tí kò ní àwòrán ènìyàn kan ṣoṣo.
Mo lanu kí n ní, "Ìyẹn kọ́..."
Mo pa á dé.

Ó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.
Òróró ẹ́ńjìnnì wà lójú ewé kẹtàdínlógójì,
ìka mẹ́rin, gedegbe.
Mi ò gba owó ìtanràn.
Mo gé ápù pépà kan fún un.
Ó ní kí n gé e tóbi díẹ̀ sí i:
ìwé náà nípọn.