Ohùn Ìsàlẹ̀

Àjà kẹfà la wà, ní Gldani, ní ìpẹ̀kun Tbilisi,
níbi tí lífítì kì í gbéra àfi bí o bá fún un lówó wẹ́wẹ́,
tí yóò sì máa kérora lọ sókè bí arúgbó tó ń ka àtẹ̀gùn.
Ajá Gocha ń gbó nísàlẹ̀. Omi ń ṣàn nínú páìpù.
Ọkọ mi ní, "N ó pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́,
kí n lè gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́."

Fóòmù ló kọ́kọ́ rà, oníhò bí afárá oyin,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lóru ọjọ́ kan.
Láàárọ̀, ajá gbó, gbígbó náà wọlé tọ̀ wá, kò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn.
Zviad rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì.
Fóòmù kì í lé àlejò;
ìjà àwọn tó ti wà nínú ilé nìkan ló mọ̀ ọ́n parí.

Ohun tó wúwo ló ń dí ariwo lọ́nà.
Yàrá wá lóyún yàrá:
ilẹ̀ tuntun jókòó sórí rọ́bà, kò fara kan ti àtijọ́ níbì kankan,
pátákó ẹfun ní méjì-méjì,
àti láàárín wọn, òkúta tí wọ́n yọ́ bí òrí, tí wọ́n ran bí òwú,
tó ń yún mi lápá títí dòní.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.
Ariwo ni aláǹgbá tiwa. Mo fi iná tọ́ọ̀ṣì wá ẹnu ògiri kiri:
abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ihò iná, ibi tí páìpù ti yọrí.
Ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà, ohùn á gbà á.

Èmi náà ni mo di dígí mú.
Zviad jókòó, mo ń fi dígí rìn lára ògiri, díẹ̀díẹ̀.
Ibi tó bá ti rí ojú sípíkà nínú rẹ̀,
a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì: ibẹ̀ lohùn ti ń tàn wá jẹ.
"Igun sì ni ohùn tó nípọn ń sá pamọ́ sí," ó wí,
ó bá kó òwú òkúta sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Owó ìsinmi wa lọ síbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀.
Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ́wọ́ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyá Tsiala wọlé pẹ̀lú bàtà ilé. Ó kọ ìlà kan, ó dúró.
"Ta ló ń gbé ohùn mi mì?"
Ó fọwọ́ kan ògiri bí ẹni ń wò bóyá ọmọ níbà.
"Ẹni mẹ́ta ló ń gbé orin yìí. Lamara ti lọ. Eteri ti lọ.
Ilé ìdáná ló kù tó ń dá mi lóhùn, ẹ sì mú mi kúrò níbẹ̀."
Síbẹ̀, ó gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ohùn náà mọ́ bí eegun tí wọ́n sè;
mùdùnmúdùn ò sí nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Gocha kanlẹ̀kùn.
Kóòtù dúdú lọ́rùn, fìlà láyà, ojú nílẹ̀.
"Ìgbà wo lẹ sin ín, tí ẹ ò pè mí?"
Ìyá Tsiala yọrí lẹ́yìn mi. "Gocha, ta lo fẹ́ sin?"
Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló jẹ́wọ́:
ọdún mọ́kànlá, bí obìnrin yìí bá ń fọ abọ́ lókè, tó ń kọrin,
òun a máa bá a gbè é nísàlẹ̀, ní ohùn tó nípọn,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ìyàwó òun má baà jí.
"Mo ń gbọ́ ọ," ni ìyá wí. "Mo rò pé páìpù ni."

Zviad wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò fọhùn.
Ó tú òwú kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, ó kan pákó síbẹ̀,
èyí gùn, èyí kúrú, kí ohùn lè ríbi gbé ẹsẹ̀ lé.

Ọjọ́ Sátidé la gbà á sílẹ̀. Gocha ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì.
Ohùn kẹta ò sí. A ò wá a.
Ìdì òwú òkúta mẹ́rin ló kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn;
Gocha ń bèèrè bóyá òun lè rí i gbé,
pé òtútù ń pa àwọn adìẹ ẹ̀gbọ́n òun lábúlé.