Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ìyá àgbà ló mú un wá láti Ìbòdì,
bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì,
ọmọ kò gbà kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀.
"Kì í ṣe odi o," ni mámà kọ́kọ́ wí, kó tó jókòó.
"Ó ń ka nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tá a sin bàbá rẹ̀,
ó kí gbogbo ilé: 'Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.'"

Láti fèrèsé mi ní Iléṣà yìí,
mo ń rí páànù Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ tó ti dípẹtà.
Mo ṣí ìwé àyẹ̀wò. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ ọ́.
Àwòrán kìíní: ọmọdé kan yọ̀ ṣubú nínú yìnyín.
Kí ni wàá sọ fún un?
Ọlámipòsì wo ilẹ̀ funfun náà títí.
"Iyọ̀," ó ní. "Iyọ̀ pọ̀."
Òdo ni ìwé ní kí n kọ.
Mi ò kọ òdo. Èmi náà, iyọ̀ ni mo rí
lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ojú ewé yẹn.

Mo pa ìwé dé.
Níbí, ẹnu ọ̀nà ni ìdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀:
ta ni "ẹ", ta ni "o",
ojú gbooro fún onídìrí, ẹ kú ewu fún abiyamọ.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí,
bó bá dénú rẹ̀, a di odindi.
Bó bá wá dénú ọmọ kan ńkọ́,
tó jókòó síbẹ̀ ní àbọ̀,
bí iṣu tí ọ̀bẹ kò là tán?
Ẹni tó gbọ́ ọ ló jẹ̀bi, àbí ẹni tó sọ ọ́?

Mo ní, "Ọ̀fun mi gbẹ o." Ìgò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Ó gbẹ," ó ní.
Mo dúró. Aago ń lọ.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní;
ojú tirẹ̀ wà lára bọ́tìnnì aṣọ mi:
"Mẹ́fà. Ọ̀kan ti já."

Ó ku èyí tí mo fi máa ń parí.
Mo dìde, mo fẹsẹ̀ kọ àpótí, mo ké "Yéè!"
Ọmọ ọdún méjì nílùú yìí yóò ti ní "Pẹ̀lẹ́"
kí n tó gbẹ́sẹ̀.
Mámà ta jí lójú oorun: "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o!"
Ọlámipòsì sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.
Ó rìn kọjá mi.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí tó dojú dé dìde,
ó fọwọ́ pa á lára níbi tí ẹsẹ̀ mi ti bà á.
"Pẹ̀lẹ́," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni wà lọ́tùn-ún ìwé, bẹ́ẹ̀ kọ́ wà lósì.
Bírò mi dúró láàrin wọn.
"Ẹ tún mú un wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," mo sọ fún mámà.
Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo yí àpótí náà wò.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán lóòótọ́.