Ìka Méjì Ló Kù

Oṣù Èrèlé ni, yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì,
ọkọ̀ akóyìnyín ń kùn lójú títì Hibbing.
Mo tẹ́ àwòrán ọgbà ìgbafẹ́ náà sórí tábìlì ìdáná,
mo fi ìgò jáàmù tẹ igun kan, mo fi ife kọfí tẹ ìkejì,
igun kẹta ń ká sókè bí etí ajá tó gbọ́ ìró.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí,
mi ò sì tíì rí ibi tó ń gbóná lóṣù Ẹrẹ́nà rí.
Àwọn ọmọdé ni mo ní mò ń mú lọ.
Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún Karin ọmọ mi,
bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún pásítọ̀, ó sì mi orí,
kò bi mí ìdí tí mo fi ra fìlà oòrùn ní mẹ́ta.

Owó ìwọlé ọjọ́ mẹ́rin tó owó igi
tí a ń dá láti Ọ̀wàrà títí wọ Ẹ̀bìbí.
Wọ́n ní ká jí kí oòrùn tó jí.
Wọ́n ní ká má jẹun nígbà tí gbogbo ayé ń jẹun.
Wọ́n ní bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ wa ni ká wọ̀.
Ta ló ń jẹ́ "wọ́n"? Vernice ará ilé kejì ni,
ó lọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn tì níbi ìwakùsà,
kò sì tíì sọ̀kalẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ náà di òní.

Máìlì mẹ́jọ lẹ ó máa rìn lóòjọ́, ni Vernice wí.
Ni mo bá ń lọ yí pápá yìnyín ká lówùúrọ̀,
níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń gbá họ́kì.
Orúnkún mi ọ̀tún ń sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́.
Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún.
Ọkùnrin tó ń tún yìnyín ṣe bi mí pé ta ni mò ń sá fún.

Signe, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń kọ ètò.
Ó kọ "ilé ìyàgbẹ́" sí aago mẹ́wàá,
ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Ọmọ yẹn á ṣe gómìnà.

Ṣùgbọ́n Leif.
Leif ọmọ ọdún mẹ́fà ò fẹ́ nǹkan kan
àfi rélùwéè tó ń dorí kodò,
èyí tó gba eyín àtọwọ́dá lẹ́nu ọkọ Vernice.
Igi kan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀:
orí tí kò bá kàn án, kò gbọdọ̀ wọlé.
Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn,
ó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, mo fi pẹ́ńsù sàmì.
Ìka mẹ́ta ló kù lóṣù Ọ̀pẹ.
Ó mu mílíìkì, ó jẹ kárọ́ọ̀tì tó kórìíra,
ó so rọ̀ mọ́ ọ̀pá inú gáréèjì títí apá fi ń ro ó.
Ìka méjì ló kù. Ìka méjì yìí ò lọ mọ́.

"Ìyá Àgbà, ṣé orí nìkan ni wọ́n ń wò,
àbí wọ́n ń wo ẹsẹ̀?"
Mo ń ka owó lọ́wọ́, mo ní orí ni.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mo ń di ẹrù lálẹ́ àná, mo gbé bàtà rẹ̀,
ó wúwo díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.
Páálí ló gé, ó gé e bí àtẹ́lẹsẹ̀,
ó tò ó ní ìpele mẹ́rin, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́,
ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí èyí tó wà lókè,
kí ẹnikẹ́ni má baà jí gíga rẹ̀.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.
Bàbá mi fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí rẹ̀
kí wọ́n tó gbà á síbi ìwakùsà. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n.

Mi ò yọ ọ́. Mi ò sì fi kún un.
Mo dá bàtà padà sínú báàgì, òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún,
mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ́ kékeré sínú ètò Signe,
lábẹ́ aago mẹ́sàn-án:
ẹ wá àga sẹ́bàá igi yẹn, fún ẹni méjì.