Ẹ̀kán Tàdáwà Kan

Ọgbọ̀n dọ́là ni wọ́n ní àwọn yóò fún mi,
àti kọfí tí kò gbóná dáadáa.
Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni, ní yunifásítì kan ní Wínípẹ̀gì,
oṣù Ṣẹ́rẹ́, òtútù tí í mú eyín pariwo lẹ́nu.
Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀,
eruku páálí ṣì wà ní èékánná mi.

Hànádì lorúkọ ọmọbìnrin tó gbà mí lálejò,
ọmọ Lẹ́bánónì tí wọ́n bí síbí.
Ó ní, “Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kà á sókè.”
Aago kan ń ka ìṣẹ́jú àáyá mi bí sogúndogójì.

Dúdú lórí funfun: mo ń ṣàn.
Dúdú lórí àwọ̀ wàrà: mo ṣàn jù bẹ́ẹ̀ lọ,
ohùn Àáfà Bùsàírì ti Ìwó gba ọ̀nà ọ̀fun mi jáde,
abẹ́ igi dóńgóyárò, pàṣán kò jìnnà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ àwọ̀ náà di eérú.
Eérú lórí funfun,
bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín ọjọ́ kẹta.
Lẹ́tà dúró, ẹ̀yìn wọn tẹ̀, ìrù wọn gùn,
ẹ̀kán ni kò sí.
Mo ka okùn. Òkè ni wọ́n kọ.
Mo ka ilé. Ọmọbìnrin ni.
Mo padà, mo tún un kà, ojú mi ń ṣomi,
aago ń jẹun lọ.

Hànádì kò wí nǹkan kan. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.
Bóyá ó rò pé ọjọ́ orí ni.
Ó ṣe mí bíi pé kí n sọ fún un pé èdè tèmi náà ní ẹ̀kán,
pé ẹ̀kán méjì péré ló wà láàárín oko àti ọkọ,
obìnrin tó bá ṣì í kà, àdá ni yóò fi wá bàálé rẹ̀ lọ.

Àwọ̀ ìyeyè lórí funfun: mo dákẹ́.
Mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀.
Ó ní, “Ó wà níbẹ̀, bàbá.”

Àáfà kì í jẹ́ kí a kọ̀wé sórí wàláà tí a kò fọ̀ tán.
Á ní ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sórí òjìji,
òun àti èṣù ni wọn yóò jọ kà á.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rántí Sátidé.
Ìwé kéú àwọn ọmọ, ẹ̀dà ẹ̀dà ni,
ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí tí tàdáwà rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán.
Kífáyátù ka ilé níbi tó ti yẹ kó ka ọmọbìnrin.
Mo ní olódo ni.
Mo sọ ọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo ra bírò dúdú, dọ́là méjì ó lé díẹ̀.
Ó ti sùn nígbà tí mo wọlé.
Mo jókòó ti ìwé rẹ̀ nínú kíṣìnì, kóòtù ṣì wà lọ́rùn mi,
mo ń fi ẹ̀kán sílẹ̀,
ọ̀kan lókè,
méjì nísàlẹ̀,
ojú ewé mẹ́rìnlélógún.